Ètè Pupa Tó Wà Lára Kọ́ọ̀bù Àmù

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọmọ yìí, kí ẹ sì bá mi pa nǹkan tó ń pariwo lọ́wọ́ yín yẹn. Àpò ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló dojú dé lórí àga lánàá, ìtọ́tè tí wọ́n fi ń kun ètè wá ń yí gbirigbiri jáde nínú rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ. Pupa wà níbẹ̀, àwọ̀ osùn wà níbẹ̀, èyí tó dà bí ẹran díndín wà níbẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo bi í pé ẹnu mélòó ló ní. Ó ní èyí fún ọ́fíìsì ni, èyí fún ìnáwó, èyí fún ọjọ́ tí inú òun ò bá dùn. Mo ní ó dáa. Ṣùgbọ́n kò dáa nínú mi, ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Owú ni. Ẹ ń tọ́tè lójú títì, ẹ ń wo ojú yín nínú fóònù, ẹnikẹ́ni kò bi yín pé ta ló rà á. Nígbà tiwa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ìtọ́tè kan ṣoṣo, tí kò gùn tó ọmọ-ìka, díẹ̀ ló kù kó gba ìyàwó lọ́wọ́ mi.

Ẹ má sì rò pé ètè pupa ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Obì ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe é. Obìnrin tó bá ti rún obì pupa láàárọ̀, kó tó dé ọjà, ètè rẹ̀ á ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, a ò sì ní mọ̀ bóyá ẹwà ló ń wá tàbí kí oorun má kùn ún. Àwọn mìíràn á po osùn mọ́ òrí, wọn á fi ìka tọ́ ọ. Àwọn ọmọ iléèwé ní tiwọn á ya bébà pupa tí wọ́n fi ń ṣe òdòdó sára ilé nígbà Kérésì, wọn á fi itọ́ rin ín, wọn á há a sáàárín ètè méjèèjì títí àwọ̀ á fi wọlé. Bí òjò bá pa wọ́n lọ́nà, pupa á ṣàn dé àgbọ̀n, wọn á wá dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran tútù. Àwọn ọmọbìnrin Pópó Àgùdà ni mo kọ́kọ́ rí èyí tí wọ́n ń yí nídìí lọ́wọ́ wọn, tó ń yọrí jáde díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín tó gbọ́ òórùn òjò.

Obìnrin kan ń kiri rẹ̀ ní Ìdúmàgbò, nínú àpótí onígíláàsì. Kó tó yọ sí ọ, wàá ti gbọ́ ọ, wọ́ńganwọ́ńgan, bí wọ́n ti ń gbá ara wọn lórí rẹ̀. Kì í jẹ́ kí o fi kan ẹnu. Ẹ̀yìn ọwọ́ ló ń fà á sí, ìlà kan, ìlà kan, títí ẹ̀yìn ọwọ́ àwọn ọmọge á fi dà bí ara ẹni tí ológbò ha. Wọn á wá kó ọwọ́ jọ sínú oòrùn, wọn á máa ṣèdájọ́. Adúmáradán ò gbọdọ̀ mú èyí tó ń kọ mànà bí iná mọ̀tò. Apọ́nbéporẹ́ ò gbọdọ̀ mú èyí tó sún mọ́ osùn, kó má lọ dà bí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá. Bí wọ́n bá sì ti ń bọ̀ nílé, ní nǹkan bí ilé méjì sí tiwọn, ẹ ó rí i tí etí ìborùn ń lọ sẹ́nu. Ìyá wọn á ní kí wọ́n kí òun, kó lè wo ẹnu tí wọ́n fi ń kí i. Àní bí Ẹ̀yọ̀ bá fẹ́ jáde, tí a ti mọ̀ pé bàtà àti sìgá jẹ́ èèwọ̀ lójú pópó, àwọn ọmọge á nu ètè wọn pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n nù ún. Wọ́n ní bóyá àwọn àgbà kàn gbàgbé láti kà á mọ́ èèwọ̀ ni.

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mo kọ́ ní tèmi. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ìyókù lẹ́tà tí mo mọ̀, ara pátákó ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ní ti àwọ̀, ẹ bi Èkó léèrè. Mo kun àkùkọ kan sára pátákó ilé oúnjẹ kan nítòsí CMS, mo fi pupa sí ogbe orí rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àkùkọ mẹ́ta ló ti kú sídìí pátákó náà, wọ́n bá a jà títí ẹ̀mí fi bọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi àwọn àkùkọ náà. Ọdún tí wọ́n ń kun gbogbo Èkó nítorí àlejò pàtàkì kan tó ń bọ̀ láti Ìlú Ọba, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá fojú sọ bóyá pupa òkè jọ pupa ìsàlẹ̀. Ojú mi mọ àwọ̀. Ibi tí mo ti dára náà ni mo ti ṣubú.

Yàrá kan ni mo háyà ní agboolé Ìyá Àgbà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọlọ́dà ni gbogbo wọn ń pè mí. Ìyá Àgbà ló ni ilé, arúgbó kékeré kan tó ti gbàgbé ọjọ́ orí ara rẹ̀, tó máa ń jókòó lẹ́yìn aṣọ fèrèsé ní ọ̀sán, tí a kì í rí, tó sì ń rí gbogbo wa. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni Múnírátù. Ká ní ẹ rí Múnírátù nígbà yẹn ni, ẹ ò ní bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó dúdú bí kóró iṣin, ó sì ń rìn bí ẹni tó gbé omi lórí kódà nígbà tí kò gbé nǹkan kan.

Àmù kan ṣoṣo ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kọ́ọ̀bù tánganran funfun kan ló sì wà lórí ọmọrí rẹ̀, tí gbogbo ilé fi ń mumi. Kọ́ọ̀bù yẹn ni lẹ́tà wa. A ò lè dúró sọ̀rọ̀ ní gbangba, ojú Ìyá Àgbà wà lẹ́yìn fèrèsé. Bí Múnírátù bá mumi tán, ó máa ń gbé kọ́ọ̀bù náà kalẹ̀ kí etí rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó túmọ̀ sí pé ó ti kọjá níbẹ̀, mo wà lọ́kàn rẹ̀. Èmi náà á jáde bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, màá bu omi, màá sì mu ún ní ibi tí mo rò pé ètè rẹ̀ kàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́ lórí fóònù, kí lẹ fi sàn jù mí lọ? Mo mumi nínú ọdún yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ará ilé fi ń sọ pé bóyá àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí. Mo ti ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi ní Ìjẹ̀bú pé kó máa bọ̀ wá bá mi tọrọ rẹ̀ kí Ìléyá tó dé.

Nígbà náà ni Búràímọ̀ dé. Ilé kejì sí tiwa ni wọ́n bí i sí, ó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun tó ń lọ Líbápúù ní Ìlú Ọba. Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù, kò tilẹ̀ ní kí ọ̀sà. Ó wọ ṣòkòtò tó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń fi ẹnu súfèé orin tí ẹnì kankan nínú wa kò mọ̀, ó sì ń rùn bí ọṣẹ tuntun. Ó ń pín ẹ̀bùn àbọ̀ àjò kiri àdúgbò. Mo wà lórí àkàbà, mo ń kun férémù ilé tó dojú kọ tiwa, mo sì fi ojú ara mi rí i tí ó na nǹkan wúrà kékeré kan sí Múnírátù, tí Múnírátù yí i nídìí, tí pupa yọrí jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ọ̀dà mi dà sílẹ̀, ó bọ́ sórí ewúrẹ́ kan, ewúrẹ́ náà sì di aláwọ̀ búlúù títí wọ́n fi pa á.

Láti ọjọ́ náà, bí fèrè ọkọ̀ bá dún ní Marínà, màá ju búrọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀dà. Mo ń jowú ọkọ̀ náà. Mo ń jowú omi tó gbé e dé. Mo ń ṣọ́ ètè Múnírátù bí ẹni ń ṣọ́ ẹran lórí iná, ṣùgbọ́n bó bá ti dé ọ̀dọ̀ mi, ètè rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo wá ní inú mi á balẹ̀. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí mo dé láti ibi iṣẹ́ ní ọ̀sán, mo gbé kọ́ọ̀bù àmù, àmì ètè ló wà létí rẹ̀. Pupa. Mo gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Pupa ti Búràímọ̀ gan-an ni, tó ní àwọ̀ pọ́pù díẹ̀ nínú. Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn tàn mí jẹ.

Ẹ wo ohun tí owú ń ṣe fún ọmọ ènìyàn. Mo jókòó, mo rò ó, mo sì rí i kedere. Ó ń tọ́ ọ fún Búràímọ̀ ní ọ̀sán, ó ń nù ún kúrò fún mi ní ìrọ̀lẹ́. Èwo wá ni mo jẹ́, èmi tí wọ́n ń nu ẹnu dè? Ojoojúmọ́ ni mo ń sá kúrò níbi iṣẹ́ ní ọ̀sán láti wá wo kọ́ọ̀bù. Àmì máa ń wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ kíyè sí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀, bí ilẹ̀ tó sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo ní báyìí ni ètè ẹni tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ṣe ń rí nígbà tó bá ń ronú kan ọkùnrin. Ẹ gbọ́ ìyókù, kí ẹ sì dárí jì mí: bí mo ti ń bínú tó nì, màá yí kọ́ọ̀bù náà po, màá gbé ètè mi lé àmì yẹn gẹ́lẹ́, màá sì mumi. Mo ní bí kò tilẹ̀ fún mi, mo jí i. Ọ̀sẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń mu omi ìbínú yìí.

Kó tó ku ọ̀sẹ̀ kan sí Ìléyá, ní ọ̀sán Àìkú kan, àbúrò bàbá mi dé pẹ̀lú obìnrin méjì tó ru igbá obì àti orógbó. Agboolé ti gbá ilẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ẹní. Ìyá Àgbà jókòó sí àárín, ó fi ìborùn bo ẹnu rẹ̀ bí ẹni tí ehín ń dùn. Múnírátù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, aṣọ àdìrẹ ló ró, ètè rẹ̀ mọ́ tónítóní. Nígbà tí mo rí ètè mímọ́ yẹn, nǹkan kan já nínú mi. Ó tún ti nù ún dè mí.

Àbúrò bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀, ó ní òdòdó kan wà nínú ọgbà wọn tí ó wù wá í já. Mo dìde. Mo lọ sí ìdí àmù, mo gbé kọ́ọ̀bù, mo sì gbé e dúró níwájú gbogbo wọn.

"Kí a tó já òdòdó," mo ní, "ẹ bá mi bi í léèrè ẹni tó ń tọ́tè fún lọ́sàn-án."

Ẹyin lohùn, mo gbọ́ ìró tirẹ̀ bó ti ń fọ́. Ìyá Múnírátù káwọ́ lé orí. Àbúrò bàbá mi ń fà mí láṣọ. Múnírátù wo kọ́ọ̀bù, ó wò mí, kò gbójú kúrò. Mo ní ẹ ò rí i, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo ṣàlàyé àwọ̀ náà fún wọn, mo ṣàlàyé àwọn ìlà wẹ́wẹ́, mo sì ń sọ̀rọ̀ bí agbẹjọ́rò.

"Gbé e wá," Ìyá Àgbà ní.

Mo gbé e fún un. Ó tú ìborùn kúrò lẹ́nu. Ẹ̀yin ọmọ mi, ètè arúgbó yẹn pọ́n bí ata rodo. Ó gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu, ó gbé ètè rẹ̀ lé àmì náà, wọ́n bá ara wọn mu bí ìdérí àti ìkòkò.

"Èmi ni mo ni ẹnu," ó ní. "Ta lo ní kí n máa tọ́ ọ fún? Baba wọn ti kú tipẹ́."

Ó wá ní láti kékeré lòun ti ń fi obì pọ́n ètè, ehín tó ń rún obì ti lọ tán, ẹnu òun sì ti funfun bí ẹnu òkú. Ọjọ́ tí Búràímọ̀ fún Múnírátù ní ìtọ́tè náà ló gbé e wá fún òun, kò fi kan ẹnu ara rẹ̀ rí. Ní ọ̀sán, bí gbogbo ilé bá ti jáde, òun á tọ́ ọ díẹ̀, òun á wo dígí, òun á mumi, òun á nù ún, àfi ti òní tí àlejò tètè dé. Ohun tí àgbà fi ń jẹ ẹ̀kọ, abẹ́ ewé ló wà. Èmi ni mo wá fa ewé ya.

Bó bá tilẹ̀ dúró níbẹ̀, à bá mọ̀ bí a ó ṣe tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n ó tún yíjú sí mi. "Mo sì ń rí ọ láti ojú fèrèsé," ó ní. "Bí mo bá ti mu omi tán, ìwọ náà á yọ, wàá yí kọ́ọ̀bù po títí wàá fi dé ibi tí mo mu. Mo rò pé ibẹ̀ ló tutù jù ni."

Fìlà bọ́ lórí àbúrò bàbá mi nítorí ẹ̀rín. Àwọn obìnrin tó ru igbá dì mọ́ ara wọn. Gbogbo agboolé ló rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, àyàfi ẹnì kan. Múnírátù dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀.

"Ẹ dá obì wọn padà fún wọn," ó ní. "Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ mi á bi mí léèrè kó tó bi kọ́ọ̀bù."

Bí mo ṣe di ẹni ẹ̀sín nìyẹn láti Ìdúmàgbò dé CMS. Àwọn ọmọdé á rí mi, wọn á ní òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Nígbà tí Ìléyá dé, wọ́n pín ẹran fún gbogbo ayálégbé bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbò ni wọ́n gbé wá fún mi, ètè rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ digbí. Mo jẹ ẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Láràárọ̀ ni mo ń wo kọ́ọ̀bù àmù, etí rẹ̀ kọjú sí ògiri. Búràímọ̀ sì ṣì wà nílé, ó ń súfèé. Kò mọ̀ pé a ń jà. Wọ́n sọ fún mi pé gbogbo ọmọge àdúgbò ló fún ní ìtọ́tè kan náà, ẹ wá wò ó, ìyẹn tún dùn mí, pé kò tilẹ̀ ro ti Múnírátù lọ́tọ̀.

Ìyá Àgbà ló yọ mí. Ìtọ́tè náà tán, ó pè mí sí yàrá rẹ̀, ó na òfìfo rẹ̀ sí mi, ó ní ṣebí mo mọ àwọ̀, kí n po òmíràn. Mo po òrí, osùn, àbẹ́là yíyọ́ àti àwọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe súwíìtì. Àkọ́kọ́, èèrà tò tẹ̀lé e dé orí ibùsùn. Èkejì kọ̀ láti kúrò. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò lè yọjú síta, ó ń ránṣẹ́ èébú sí mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta bọ́ sí i. Ó wo dígí pẹ́. Ó wá ké sí Múnírátù, èmi ṣì kúnlẹ̀ níbẹ̀.

"Wo ọkùnrin yìí," ó ní. "Ẹnu tèmi tí kò léhín mọ́ ló fi jowú tó báyìí. Bó o bá dàgbà tó mi, yóò ṣì máa jowú tìẹ. Àwọn tó ń súfèé kì í pẹ́ nílé. Ó tán, lọ rò ó."

Múnírátù kàn jáde lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, etí kọ́ọ̀bù kọjú sí ẹnu ọ̀nà mi. Búràímọ̀ jẹun níbi ìgbéyàwó wa, ó tún bèèrè ẹran.

Múnírátù, tí í ṣe ìyá yín àgbà, kò tọ́tè rí láti ọjọ́ náà, ó ní kí owú mi má baà dá wàhálà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan wúrà yẹn, òfìfo rẹ̀, wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀ títí dòní. Mo ti bi í pé kí ló ń fi í ṣe. Ó ní ogún Ìyá Àgbà ni. Mo gbà. Síbẹ̀, bó bá jáde, mo máa ń ṣí àpótí náà, mo máa ń gbóòórùn rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ọṣẹ Líbápúù ṣì ń rùn nínú rẹ̀.

Lánàá, nígbà tí ọmọ yẹn kó ìtọ́tè rẹ̀ tán, ó gbàgbé ọ̀kan sábẹ́ àga. Ìyá yín àgbà ló rí i. Ó yí i nídìí, ó lọ síwájú dígí, ó sì tọ́ ọ, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tí mo mọ̀. Ọkàn mi sáré bí ọmọ ogún ọdún. Mo fẹ́ bi í pé ta ló ń tọ́ ọ fún, mo rántí obì tí wọ́n dá padà, mo pa ẹnu mọ́. Ó lọ bu omi tútù nínú fíríìjì, ó mu díẹ̀, ó gbé kọ́ọ̀bù náà sórí tábìlì, ó sì kọjá lọ bí ẹni tó gbé omi lórí. Etí kọ́ọ̀bù kọjú sí àga mi.

Mo gbé e. Mo kọ́kọ́ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ná, ẹ mọ̀ mí. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ wà nínú àmì náà, bí ilẹ̀ tó sán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n jọ ti Ìyá Àgbà gẹ́lẹ́. Mo yí kọ́ọ̀bù po títí mo fi dé ibẹ̀. Òùngbẹ ò gbẹ mí, ṣùgbọ́n mo mu ún tán.